Kámẹ́rà Sájẹ́ńtì Sàlàkọ́

Àtìní, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà 2003

Àwòrán ìgbéyàwó tí mo yà ní Sabon Zongo, àdúgbò wa, ti jáde, wọ́n sì ti bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni: ọkọ àti ìyàwó láàárín àwọn òbí wọn. Ojú gbogbo wọn rí bàìbàì bí ẹja nínú omi ìdọ̀tí. Nínú òmíràn mo gé orí bàbá ìyàwó kúrò. Láti ìgbà tí mo ti ń ya àwòrán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adabraka, n kò gé orí ẹnikẹ́ni rí.

Mo kó wọn padà lọ bá Afua, obìnrin tó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìfọ-fíìmù ní òpópónà kejì. Mo ní ẹ̀rọ wọn ló bà wọ́n jẹ́. Kò bá mi jà. Ó tẹ́ fíìmù náà sórí gíláàsì oníná, ó fún mi ní awò kékeré tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Papa Alata," ó ní, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, "ẹ wo ògiri tó wà lẹ́yìn wọn."

Mo wò ó. Ògiri náà mọ́ kedere, kódà a lè rí ibi tí ọ̀dà ti ṣí. Àwọn èèyàn nìkan ni kò mọ́.

Afua ní, "Ẹ̀rọ kì í fọ ògiri kó fi èèyàn sílẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò ń rọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí mo ń padà, mo sì rọra ń rìn, bí ẹni tí wọ́n bá wí.

Àtàláátà, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Hajia Raqeebah, ìyá ìyàwó, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó tẹ́ àwọn àwòrán náà sórí itan rẹ̀, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Bàbá Nafisa, ṣé ká tún ìgbéyàwó náà ṣe ni?" Ì bá sàn kó bú mi.

Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo já sínú gọ́tà nígbà tí mo ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Gọ́tà tí mo ti ń fò láti kékeré ni. Awọ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bó, jalamíà funfun di dúdú.

Ojúọlá, ìyàwó mi, fọ ẹsẹ̀ náà fún mi lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Láti ìgbà òjò ńlá lẹ ti ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife."

Mo ní, "Mo rò pé mo máa ń nù ún kí ẹnikẹ́ni tó rí i."

"Ibi tí ẹ rò pé ó wà lẹ máa ń nù. Èmi ni mo máa ń nu ibi tó wà."

Ó ní a ń lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò béèrè bóyá mo fẹ́.

Àtìní, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

A ti wà lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù kí oòrùn tó yọ. Gbogbo wa tí a jókòó síbẹ̀ ni a ń yí orí ká bí àgbébọ̀ láti rí ẹni tó bá wọlé. Mo rí i lára àwọn tó kù kí n tó mọ̀ pé èmi náà ń ṣe é.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mi lójú, ó tan iná sí i, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí mo bá rí ìmọ́lẹ̀ bíńtín. Mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ mo béèrè bóyá wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti ń parí lọ.

Dókítà ṣàlàyé pé omi inú ojú ni kò rí ibi sàn sí, tó wá ń tẹ gbòǹgbò ojú pa díẹ̀díẹ̀. Ojú ọ̀tún mi ti lọ. Ti òsì kù, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn bá ń yọjú wo ìta láti inú ihò ògiri ni. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti tó kì í fi í mọ́ mi lójú mọ́.

Mo ní irọ́ ni, mo ń fi ojú méjèèjì ríran. Ó ní kí n fi ọwọ́ bo ti òsì. Mo bò ó. Mo kọjú sí fèrèsé, ohun tí mo rí kò ju ìmọ́lẹ̀ funfun kan lọ, bí ìgbà tí a sá aṣọ síwájú èèyàn.

"Báwo ni n kò ṣe mọ̀?"

"Ojú kan máa ń bo àṣírí èkejì," ni ó dá mi lóhùn. "Ohun tó ti lọ kò ní padà, Bàbá. Ohun tó kù la ó máa ṣọ́."

Ó wá béèrè iṣẹ́ mi. Mo ní mo ń ya àwòrán. Bírò rẹ̀ dúró lórí ìwé fún ìgbà díẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Nínú ọkọ̀ trotro, Ojúọlá di ọwọ́ mi mú níṣojú gbogbo èrò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Àtàláátà, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìgò oògùn ojú náà kò ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ti fíìmù méjì lọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, títí ọjọ́ ikú. Ojúọlá ló ń kán an sí i. Mo máa ń ṣẹ́jú, ó máa ń ṣàn lọ sí etí mi, òun a sì tún un kán.

Sátidé, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Sájẹ́ńtì Sàlàkọ́ wá ya fọ́tò tí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọmọ àdúgbò Cow Lane ni, àgbà Yorùbá tó lo ọdún púpọ̀ nínú iṣẹ́ ológun Ghana. Àwòrán ni òun náà ń yà fún wọn, wọ́n sì ti rán an dé Lẹ́bánónì. Títí di òní, bó bá jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kan àga.

Mo ń yí kámẹ́rà mi, mo ń wá ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti mọ́. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Inú ṣọ́ọ̀bù ń ṣókùnkùn sí mi.

Ó ní, "Tàófíìkì, o ń wá ojú mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Kí ló ṣe ọ́?"

Mo sọ fún un. Yàtọ̀ sí Ojúọlá, òun ni ẹni àkọ́kọ́. Kò bá mi kẹ́dùn. Ó dìde, ó lọ láìya fọ́tò. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ó padà pẹ̀lú garawa ìrẹsì kan. Ó ti ọwọ́ bọ inú ìrẹsì náà, ó fa ọ̀rá jáde, kámẹ́rà sì wà nínú rẹ̀.

N kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ni, kò sí ibì kan lára rẹ̀ tó ń dán. Kókó tí a fi ń yí fíìmù tóbi bí ìdérí ìgò, eyín sì wà létí rẹ̀. Òrùka ojú rẹ̀ ní ìpele ìpele tó ń dún kà, kà, bí a bá ń yí i. Lórí rẹ̀ ni férémù wáyà kan wà tí a lè gbé dìde, kí a wo èèyàn láti àárín rẹ̀ láìfi ojú mọ́ ihò kankan.

"Kámẹ́rà lásán ni tẹ́lẹ̀," Sájẹ́ńtì wí, "irú èyí tí àwọn aláwọ̀ funfun ń gbé lọ gbafẹ́. Àwọn ológun wọn ló gbà á, wọ́n pa dídán ara rẹ̀ kí oòrùn má bàa tú ṣójà fó, wọ́n sì sọ gbogbo kókó rẹ̀ di ńlá. Òtútù máa ń mú lórí òkè tí a wà, ìbọ̀wọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ wa. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, o kò gbọdọ̀ tan iná. Ọwọ́ ni wọ́n ṣe èyí fún, wọn kò ṣe é fún ojú."

Fúgù kan, ẹ̀wù híhun àwọn ará òkè Ghana, ló fi gbà á lọ́wọ́ ṣójà tó ń padà sílé. Mo béèrè pé èló ni kí n fi gbà á lọ́wọ́ òun náà. Ó bínú sí mi.

Àtìní, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Fíìmù tí gbogbo èèyàn ń lò wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Afua fọ̀ ọ́, ìlà pupa gun àwòrán kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí aṣọ tó dí i ti jẹrà. Ojúọlá, tó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ní Cow Lane, bá mi wá fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dúdú. Òun ló gé e, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́.

Sátidé, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìjà díẹ̀ nílé.

Sájẹ́ńtì wá kí wa. Ojúọlá gbé waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà, fún un, ó béèrè irú àwòrán tó máa ń fi kámẹ́rà yìí yà. Ọkùnrin náà kì í purọ́. Ó ní: ọkọ̀ tó jóná, ilé tó wó, òkú. Òkú ló pọ̀ jù, kí wọ́n lè mọ orúkọ wọn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìlú wọn.

Nígbà tó lọ tán, Ojúọlá ní kámẹ́rà náà kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. "Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń gbé wá fún yín. Ìyàwó tuntun. Ẹ ó wá gbé ohun tó ti wo òkú kọjú sí wọn?"

Mo ní kámẹ́rà kì í rántí ohun tó rí. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀ bí ọmọdé.

Sọ́ńdè, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìyá arúgbó kan kú ní agbo ilé kejì, wọ́n wá pe Ojúọlá láti wẹ̀ ẹ́. Òun àti àwọn obìnrin méjì mìíràn ló máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn láàárín wa, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́run. Nígbà tó dé, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro báńkù, òkèlè àgbàdo. Ó ṣàdédé dá orógùn dúró.

"Bàbá Nafisa."

"Mo ń gbọ́."

"Ọwọ́ tí mo fi wẹ òkú lónìí ni mo fi ń ro báńkù yìí."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Lẹ́yìn oúnjẹ ó mú kámẹ́rà náà, ó ṣe bísímílà, ó fi aṣọ mímọ́ nù ún láti orí dé ìdí. Ó ní kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la.

Jímọ̀, 3 Òkítóbà

Wàhálà tó kù: òrùka náà ń sọ fún ọwọ́ mi ibi tí mo yí i dé, ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe mọ ibi tí èèyàn dúró sí? Mo ń fojú bù ú, ojú mi sì ń tàn mí.

Mo ń rojọ́ yìí bí Ojúọlá ti ń wọn léèsì fún oníbàárà. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ẹ so okùn mọ́ ọn."

"Ewúrẹ́ ni?"

"Kí oníbàárà di ìdí okùn mú sí àyà. Ẹ ta kókó sí i. Bí ọwọ́ yín bá kan kókó, ẹ mọ ibi tó wà."

Mo fi rẹ́rìn-ín. Oníbàárà náà fi rẹ́rìn-ín. Mo ronú sí i títí mo fi dé ilé, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu mi lọ́nà.

Àtàláátà, 7 Òkítóbà

Okùn ṣiṣẹ́! Kókó kan fún àwòrán àyà sókè, kókó méjì fún ẹni tó dúró, kókó mẹ́ta fún ẹbí. Kókó kọ̀ọ̀kan bá ìpele kan mu lára òrùka. Mo ya Ojúọlá níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ ló di ìdí okùn mú. Afua fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, ó sáré gbé e wá fún mi, kò dúró kí n lọ gbà á. Irun ojú Ojúọlá hàn níkọ̀ọ̀kan. Afua ní, "Chale, Papa!" bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Òjò ńlá nírọ̀lẹ́. Ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Àlàrùbá, 15 Òkítóbà

Ọsibítù. Oògùn kò tó. Dókítà ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú òsì kí èyí tó kù má bàa tẹ̀ lé èkejì. Ààyè wà lópin oṣù yìí.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó di ẹ̀yìn Sallah. Gbogbo ayàwòrán Zongo ló mọ̀ pé owó ọjọ́ Sallah nìkan lè tó ti oṣù mẹ́ta mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Bí iṣẹ́ abẹ náà bá yíwọ́ ńkọ́? Mo fẹ́ ya Sallah kan sí i kí n tó gbé ojú mi fún ọ̀bẹ.

Dókítà ní, "Bàbá, ojú kò mọ Sallah." Ó kọ ọjọ́ kìíní Dìsẹ́ńbà. Ó fi ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

A bọ́ sílẹ̀ nínú trotro. Nígbà náà ni Ojúọlá wí pé, "Bí ẹ bá fọ́jú nítorí ìtúnu ààwẹ̀, ta ni yóò ya Iléyá?"

Mo ṣì ń gbọ́ ọ bí mo ti ń kọ èyí.

Àtìní, 27 Òkítóbà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí oògùn: álífà mọ́ṣáláṣí wa ní kò ba ààwẹ̀ jẹ́, nítorí ojú kì í ṣe ọ̀nà oúnjẹ. Álífà mìíràn, Kàsímù, ní kí n jẹ́ kó di ìgbà ìṣínu. Ojúọlá ní Ọlọ́run tó dá ojú mọ àkókò oògùn rẹ̀. Ó kán an fún mi láàárọ̀.

Àtìní, 10 Nòfẹ́ńbà

Mo gbọ́dọ̀ kọ òtítọ́ síbì kan. Ihò ògiri náà ti kéré sí i. Lánàá mo wo ojú Ojúọlá, mo rí ẹnu rẹ̀, n kò rí iwájú orí rẹ̀. Mo ní láti gbé ojú sókè kí n tó rí i, nígbà yẹn ẹnu rẹ̀ sì ti lọ.

N kò tíì sọ fún un.

Jímọ̀, 14 Nòfẹ́ńbà

Sájẹ́ńtì Sàlàkọ́ ń dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Ó fi gèlè Ojúọlá di ojú mi, ó ní kí n fi fíìmù sínú kámẹ́rà, kí n yọ ọ́, kí n tún fi í. Bí mo bá ṣì í, á kígbe bí ẹni tó wà ní bárékè. Mo bi í bóyá ó máa ń ronú nípa àwọn òkú yẹn.

Ó ní, "N kò ronú nípa wọn. Àwọn ni wọ́n ń ronú nípa mi." Ó tún ní, "Ó wù mí kó ṣiṣẹ́ míì. Kì í ṣe nítorí tìrẹ nìkan ni mo fi gbé e wá, àbúrò."

Mo tú gèlè náà. Ó ti kọjú sí òpópónà.

Àtìní, 24 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ti rí oṣù. Mo ti ra fíìmù sílẹ̀, wọ́n tún ti fi owó lé e, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún sídì àti díẹ̀ fún ọ̀kan. A ti ta aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run sára ògiri iwájú ilé. Ojúọlá yóò ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́la kó lè bá mi di okùn mú.

Àtàláátà, 25 Nòfẹ́ńbà. Ọdún

Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́ kó tó di ọ̀la.

Lẹ́yìn ìrun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Gbogbo Sabon Zongo wọ tuntun: Hausa, Yorùbá, Zabarima, gbogbo wa. Àwọn kan wo kámẹ́rà aláwọ̀ ewé gbígbẹ náà, wọ́n béèrè bóyá ogun ń bọ̀. Okùn náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ojúọlá á gbé ìdí rẹ̀ kan ẹni tó fẹ́ yàwòrán láyà, èmi á fi ọwọ́ wá kókó, n ó yí òrùka, kà, kà, n ó ní mo ti ṣetán. Ojúọlá á fa okùn kúrò, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní "Ó yá," èmi á sì tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ mo ń rí wọn díẹ̀. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, aṣọ ẹ̀yìn wọn ń tàn, jalamíà wọn ń tàn, gbogbo rẹ̀ sì di funfun kan ṣoṣo. N kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá dúró, gbogbo èèyàn ni yóò mọ̀. Mo tún fọwọ́ wá kókó okùn, ó wà níbẹ̀. Mo wá òrùka, ó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Mo ti ṣetán."

N kò gbọ́ "Ó yá."

"Mo ti ṣetán, Ìyá Nafisa. Kí lò ń dúró dè?"

"Ẹ ṣe sùúrù." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé, mo gbọ́ tí ìyá kan ń bínú, tí bàbá àgbà kan ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́: "Ó yá."

Mo tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni a ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́. N kò sọ fún un pé n kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oòrùn ti dé àtàrí, kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi wá okùn mọ́. Òun ló ń fi í lé mi lọ́wọ́.

Àlàmísì, 27 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ gba àwòrán lọ́dọ̀ Afua. Ó ti tò wọ́n sórí tábìlì, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pé lé wọn lórí.

"Papa, ta ló ya ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Mo ti ń fọ tiyín fún ọdún mẹ́fà. Wọn kì í rí báyìí."

Mo gbé wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé pọ̀, mo ń wò wọ́n nínú ihò tí mo ní, ojú kan lẹ́yìn òmíràn. Méjì péré ló bàjẹ́. Bàbá àgbà tó ń wúkọ́ ti wúkọ́ tán, ó wá ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìyanu, bí ẹni tí ikọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyá tó ń bínú ti dẹ́kun ìbínú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára fìlà ọmọ tó ń tún ṣe.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta. Ó yé mi. Èmi máa ń ya èèyàn nígbà tí wọ́n bá dúró dáadáa. Ojúọlá máa ń ní "ó yá" nígbà tí wọ́n bá ti gbàgbé pé àwọn dúró.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ lára ni owú.

Sátidé, 29 Nòfẹ́ńbà

Mo sọ fún un. Mo ní àwọn àwòrán náà, tirẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́."

"Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo rí wọn."

Ó ní ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ló ń mú mi sọ ọ̀rọ̀ dídùn. Ó lọ sá aṣọ. Mo gbọ́ pé ó ń kọrin níbẹ̀.

Sọ́ńdè, 30 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀la ni. Mo jókòó sójúde láti àárọ̀, mo ń wo nǹkan. Ìyẹ́ adìyẹ. Ọwọ́ ara mi. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, eruku wà lórí ohun gbogbo.

Àlàrùbá, 3 Dìsẹ́ńbà

Èmi Ojúọlá ni mo ń kọ èyí. Wọ́n ti fi báńdéèjì bo ojú òsì ọkọ mi, kò gbọdọ̀ tẹríba, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, kò gbọdọ̀ bínú. Ó ní kí n bá òun máa kọ ìwé yìí lọ.

Ó ní kí n kọ ọ́ pé kò dun òun. Ó dùn ún. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń pe ìyá rẹ̀.

Ó ń béèrè ohun tí mo kọ. Mo ní mo kọ ọ́ pé kò dùn ún.

Àlàmísì, 11 Dìsẹ́ńbà

Dókítà ní omi ojú náà ti ń sàn dáadáa, iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n ó ní díẹ̀ ti lọ láàárín oṣù tó kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tó kù kéré ju èyí tó rí lóṣù Òkítóbà. Kò bá a wí. Ó kàn sọ ọ́.

Nígbà tí a délé, ó ní, "Kọ ọ́ pé mo mọ̀. Kọ ọ́ pé bó bá tún di ọjọ́ tí mo ní kó di ẹ̀yìn Sallah, n kò mọ ohun tí n ó ṣe." Mo kọ ọ́.

Mo bi í léèrè bóyá kí n kọ tèmi. Ó ní kí n kọ ọ́. Tèmi ni pé inú bí mi sí i gan-an. Mo rí i lọ́jọ́ ọdún pé kò ríran mọ́, mo sì ń fi okùn lé e lọ́wọ́ dípò kí n dá a dúró. Nítorí náà, inú bí mi sí ara mi pẹ̀lú.

Ó ní kí n má kọ ọ́ pé òun sunkún. N kò kọ ọ́.

Àlàmísì, 18 Dìsẹ́ńbà

A ṣí ṣọ́ọ̀bù Adabraka lónìí. Mo fi àwọn bọ́tìnnì mi sílẹ̀ fún àbúrò mi títí di ọ̀sán. Eruku ọyẹ́ bo tábìlì, mo nù ún. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì oníbàárà, nítorí ibẹ̀ ni kì í ti í kọlu nǹkan.

Obìnrin kan wọlé, ọmọ Akan ni, ó fẹ́ fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ayàwòrán dà?"

Mo fẹ́ sọ pé kó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti gbé ọwọ́ sókè lórí bẹ́ǹṣì.

"Òun nìyẹn."

Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí ẹni tó ń tọ́ka sí. Kò sí ẹnì kan lẹ́yìn mi; èmi ló ń wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti yà díẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń nà án sí, kò sì mọ̀. Obìnrin náà ń wo ọwọ́ yẹn, ó ń wò mí, kò yé e.

Mo mú kámẹ́rà kúrò lórí tábìlì, mo lọ dúró síbi tí ìka rẹ̀ ń nà sí.